Fíríìjì kámpù: bátìrì mọ́tò, power station, sólà àbí jẹnẹrétọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fíríìjì kékeré tó ṣeé gbé kiri, lítà 40, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó ń lo 12 fóltì, wáyà iná ilé náà sì bá a wá. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta níbi tí kò síná rárá, ibi tá a bá páàkì mọ́tò sí náà ló máa wà títí a ó fi padà. Ẹnìkan ní kí n kàn kì í bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú mọ́tò, òmíì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré ni kí n rà, ẹni tó ta fíríìjì fún mi ní àfi power station, àpótí bátìrì ńlá tó ní ojú iná lára yẹn. Sólà náà tún wà ńlẹ̀. Ó ti tojú sú mi. Èwo ni kí n ṣe gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, ẹ sì ṣé tẹ́ ẹ béèrè kówó tó jáde lápò. Gbogbo àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi yín pé iná tó mélòó ni fíríìjì yín ń jẹ lóòjọ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ò bá tíì mọ iye tó ń jẹ, ẹ ò lè mọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ gbé dání, ẹ ó kàn máa ra nǹkan lọ ni.

Kí n tètè sọ tèmi kẹ́ni tí kò ráyè kàwé gígùn lè máa lọ: fún fíríìjì bíi tiyín àti ọjọ́ mẹ́ta, bátìrì lítíọ̀mù irú èyí tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, tó tó 1000 Wh sókè (Wh ni wáàtì-wákàtí: iye wáàtì tí nǹkan ń fà, lọ́nà iye wákàtí tó fi ń fà á), ni mo máa rà, yálà ó wà nínú power station àbí bátìrì lásán ni, màá so fíríìjì mọ́ ojú 12 fóltì ẹ̀, kì í ṣe ojú iná ilé, màá sì gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà 100 wáàtì kan dání. Jẹnẹrétọ̀, mi ò ní gbé e. Bátìrì tó ń sítáàtì mọ́tò, tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, mi ò ní jẹ́ kí fíríìjì fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdí ẹ̀, ẹ wá nǹkan jókòó lé.

Orí yín ló bá yín ṣe é tó jẹ́ oníkọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lẹ rà. Oríṣi mẹ́ta ló wà lójà tí gbogbo wọn ń jẹ́ fíríìjì kámpù, wọn ò sì jọra rárá. Èyí tó fúyẹ́ tówó ẹ̀ sì kéré jù, tó jẹ́ fáànù nìkan lẹ máa ń gbọ́ nínú ẹ̀, Peltier ni wọ́n ń pe ohun tó ń mú un tutù. Kì í sinmi. 40 sí 60 wáàtì ló ń fà tọ̀sántòru, ìyẹn lè tó 1000 Wh sí 1400 Wh lóòjọ́, síbẹ̀ gbogbo agbára ẹ̀ ò ju kí inú ẹ̀ fi bíi dígírì 20 tutù ju ìta lọ, tí ìta bá jẹ́ 35 inú ẹ̀ á wà ní 15, ẹran tútù ò sì lè sun ibẹ̀ mọ́jú. Èyí tó ń lo gáàsì ni ìkejì, òun náà lè lo 12 fóltì àti iná ilé. Ìyẹn dáa fẹ́ni tó fẹ́ jókòó síbì kan fọ́sẹ̀ méjì, torí sílíńdà kékeré kan ń gbé e pẹ́ gan-an, àmọ́ orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ló gbọ́dọ̀ dúró sí kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tan gáàsì ẹ̀ nínú àgọ́ láéláé, torí èéfín carbon monoxide ò lóòórùn, ẹni tó bá sùn tì í lè má jí. Tẹ́ ẹ bá wá ní kí irú ẹ̀ máa fi 12 fóltì ṣiṣẹ́ lórí bátìrì, ó lè máa fa áḿpù 7 sí 9 láìdúró, kílẹ̀ tó mọ́ bátìrì ti gbẹ.

Tiyín ńkọ́? Lára fíríìjì oníkọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí 45 wáàtì, 50, nígbà míì 60. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á sọ 50 di ìlọ́po 24, wọ́n á rí 1200, àyà wọn á já, wọ́n á sáré lọ wá jẹnẹrétọ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kì í ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ o. Tí inú bá ti tutù débi tẹ́ ẹ ní kó dé, á sinmi, tó bá tún lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ á dìde. Níbi tí ooru ò ti le, bíi dígírì 25, tẹ́ ẹ sì yí i sí dígírì 4, ó lè máà ṣiṣẹ́ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ lọ, ìyẹn bíi 400 Wh. Tí ooru bá mú dé 35, ó lè ṣiṣẹ́ tó ìdajì ọjọ́, ó di 600 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ di fírísà, tẹ́ ẹ ní kó lọ sí dígírì 18 lábẹ́ òdo, ẹ múra sílẹ̀ fún nǹkan bí ìlọ́po méjì.

Èyí tí mo sọ yẹn, ìṣirò gbogbogbò ni, tiyín gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, kò sì le. Mítà kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ẹ ó wá ki plọ́ọ̀gì fíríìjì bọ òun náà. Ẹ kó ohun mímu kún fíríìjì, ẹ fi sílẹ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì máa ṣí i bẹ́ ẹ ṣe máa ṣí i lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ̀ ń ṣe ìdánwò. Tí mítà bá kọ 0.45 kWh, 450 Wh nìyẹn. Lórí bátìrì ó lè dín díẹ̀ torí ohun tó ń sọ iná ilé di 12 fóltì náà ń jẹ tiẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kó ṣẹ́kù sàn ju kó má tó lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan bátìrì mọ́tò. Kò sóhun tó ṣe bátìrì yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ni kì í ṣe èyí. Wọ́n ṣe é kó fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá tu agbára ńlá jáde kí ẹ́ńjìnnì lè tan, kí altánétọ̀, ohun tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, sì dá a padà fún un kíá. Tẹ́ ẹ bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, ẹ̀ ń pa á lọ nìyẹn. Ká ní 60 Ah ni (Ah ni áḿpù-wákàtí, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po fóltì ẹ ó rí Wh), ìdajì ni kò gbọ́dọ̀ kọjá, 30 Ah. Fíríìjì tó ń jẹ 400 Wh lóòjọ́, tẹ́ ẹ bá fi 12 pín in, ó lé ní 33 Ah. Ọjọ́ kan ò pé tẹ́ ẹ fi dé ibi tí kò yẹ kẹ́ ẹ dé. Tẹ́ ẹ bá ní mítà fóltì, bátìrì mọ́tò tó kún tó sì ti sinmi á ka 12.7, ìdajì á wà níbi 12.2, tó bá ti ń sún mọ́ 11.9, kẹ́ ẹ máa wá àwọn tó máa bá yín ti mọ́tò.

Ẹ wo ojú fíríìjì yín dáadáa, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ Low, Med àti High sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bó ṣe máa tutù tó nìyẹn, rárá o, ààbò bátìrì ni. Tẹ́ ẹ bá fi sí High, fíríìjì á tètè kú nígbà tí fóltì bá ṣì ga kí mọ́tò lè rí nǹkan fi tan, tẹ́ ẹ bá fi sí Low á máa fà á lọ dé ìsàlẹ̀. Lórí bátìrì mọ́tò, High ni kẹ́ ẹ fi sí. Lórí power station tàbí lítíọ̀mù, ẹ gbé e sí Low torí bátìrì yẹn ti ní ohun tó ń ṣọ́ ọ nínú lọ́hùn-ún. Ibi tí mọ́tò ti wúlò jù fún fíríìjì ni ojú ọ̀nà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí altánétọ̀ ń pèsè bíi 14 fóltì, kó mu ún ní àmuyó nígbà yẹn. Àmọ́ kẹ́ ẹ wà lójú kan kẹ́ ẹ máa fi ẹ́ńjìnnì odidi mọ́tò ṣiṣẹ́ tìtorí nǹkan 50 wáàtì, epo ló ń ṣòfò yẹn, èéfín ẹ̀ sì ń wọlé tọ àwọn tó ń sùn.

Èyí tí mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí jù rèé, torí àwọn tó ń tajà kì í sọ ọ́: wáyà. Bó ṣe máa ń rí nìyí. Òru ti jìn, fíríìjì fẹ́ dìde, ẹ gbọ́ tẹ́, fáànù yí díẹ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ gbìyànjú, ó kú. Kò pẹ́, tẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún kú. Iná pupa kan wá ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀ pé bátìrì ò tó. Ẹ wọn bátìrì, 12.4, ó ṣì ju ìdajì lọ dáadáa. Ẹ ó ní fíríìjì ti bàjẹ́, ẹ ó máa bú ẹni tó tà á. Fíríìjì ò ṣe nǹkan kan, bátìrì náà ò jẹ̀bi. Wáyà tínínrín 1.5 mm² tó gùn mítà 5, tẹ́ ẹ bá ka àlọ àti àbọ̀, mítà 10 niná ń rìn nínú ẹ̀, tí áḿpù 5 bá ń gbabẹ̀ kọjá, bíi 0.6 fóltì ló ń sọnù sójú ọ̀nà. 12.4 ló kúrò nídìí bátìrì, 11.8 ló dé ẹnu fíríìjì, ká tiẹ̀ má tíì ka èyí tí plọ́ọ̀gì jẹ, lójú fíríìjì tẹ́ ẹ fi sí High bátìrì ti tán nìyẹn. Wáyà 6 mm² tó gùn bákan náà, bíi 0.15 péré ló ń sọnù nínú ẹ̀. Wọ́n á náwó ńlá lórí fíríìjì, wọ́n á náwó lórí bátìrì, wọ́n á wá lọ fi wáyà tó yẹ kí wọ́n fi so iná kékeré orí bẹ́ẹ̀dì so ó pọ̀.

Ihò sìgá yẹn náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ fíríìjì. Spring kékeré kan ló ń di plọ́ọ̀gì mú níbẹ̀, gbọ̀ngbọ̀n ojú ọ̀nà á máa mì í, ibi tí kò bá ti fara kanra dáadáa á máa gbóná. Tẹ́ ẹ bá ti rin bíi wákàtí kan, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan orí ẹ̀, tó bá gbóná débi tẹ́ ò lè dì í mú, iná tó yẹ kó wọ fíríìjì ló ń yan plọ́ọ̀gì yẹn, mo ti rí èyí tó yọ́ mọ́ ihò débi pé pílíáyà la fi fà á jáde. Ti àwọn mọ́tò kan tún wà, tẹ́ ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ báyìí, ihò yẹn kú nìyẹn, ẹ ò ní mọ̀ àfi láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá ṣí fíríìjì tí ooru sì pàdé yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ ó máa lo fíríìjì yìí dáadáa nínú mọ́tò, ẹ jẹ́ kí rẹwáyà fa wáyà tó nípọn látorí bátìrì lọ sẹ́yìn mọ́tò, kó fi fíùsì 15 áḿpù síbi tó sún mọ́ bátìrì gan-an, kì í ṣe ìdí fíríìjì, torí wáyà ni fíùsì yẹn ń dáàbò bò, kó sì fi plọ́ọ̀gì Anderson, irú èyí tó ń há mọ́ra wọn pinpin, parí ẹ̀. Ìyẹn kì í mì.

Power station wá ńkọ́? Bátìrì ni, ínfátà ni, ṣájà ni, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú àpótí kan tó lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀ fẹ́ni tí kò fẹ́ wàhálà wáyà, ó kàn ní ohun mẹ́ta tó ń pa àwọn èèyàn lára nínú ẹ̀. Èkíní, 1000 Wh tí wọ́n kọ sára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń jáde, ẹ fi bíi 850 ṣírò. Èkejì, ẹ má so fíríìjì mọ́ ojú iná ilé ẹ̀. Ínfátà inú ẹ̀, tó bá wà ní títàn lásán tí kò gbé nǹkan kan, ó lè máa jẹ wáàtì 10 fúnra ẹ̀, nínú òmíì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wáàtì 10 láàárín wákàtí 24 sì jẹ́ 240 Wh. Ẹ ò ri pé ìyẹn ju ìdajì ohun tí fíríìjì fúnra ẹ̀ ń jẹ! Ẹ sọ 12 di iná ilé, kí plọ́ọ̀gì fíríìjì tún wá sọ iná ilé di 12 padà, kí wá nìdí ẹ̀? Ojú 12 fóltì ni kẹ́ ẹ lò tààrà. Ẹ̀kẹta ni èyí tó máa ń bá èèyàn lójijì: àwọn kan ní ètò tó ń pa ara ẹ̀ nígbà tí kò bá rí nǹkan tó ń fa iná, kó má bàa ṣòfò. Fíríìjì sinmi fún bí ogún ìṣẹ́jú, àpótí ní àhá, kò sẹ́nikẹ́ni mọ́, ó kú, nígbà tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ dìde kò rí nǹkan kan mu. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa ètò yẹn, ECO ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wò ó pé ojú 12 fóltì yẹn lè gbé áḿpù 8 sí 10, pé fóltì ẹ̀ kì í lọ sókè sódò bí bátìrì ṣe ń tán lọ.

Ẹni tí kò bá bẹ̀rù wáyà, bátìrì LiFePO4 lásán dáa ju àpótí yẹn lọ lójú tèmi, torí owó kan náà á fún un ní agbára tó pọ̀ jù, tí nǹkan kan bá sì bàjẹ́, ohun tó bàjẹ́ yẹn nìkan lẹ máa pààrọ̀. 100 Ah tó jẹ́ 12.8 fóltì, 1280 Wh nìyẹn, ẹ sì lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ láìsí pé ẹ ṣe é léṣe, gbogbo ìwúwo ẹ̀ ò ju bíi kílò 11 sí 13 lọ. AGM, ìyẹn bátìrì olójé tí wọ́n dí pa, tó jẹ́ 100 Ah kan náà lè tó kílò 30, ìdajì ẹ̀ nìkan ló sì dáa kẹ́ ẹ máa lò kó tó pẹ́. Àwọn tó ní AGM tẹ́lẹ̀, ẹ máa lò ó jàre, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, mi ò rí ìdí ẹ̀. Ohun méjì kẹ́ ẹ rántí nípa LiFePO4: ṣájà tiẹ̀ ló fẹ́, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣáájì ẹ̀ níbi tó tutù ju òdo dígírì lọ, ó ń bà á jẹ́ pátápátá. Fóltì ẹ̀ náà kì í sòótọ́, á wà lójú kan títí á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, lẹ́yìn náà á wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ̀ mítà tó ń ka iye tó wọlé àti iye tó jáde lẹ máa fi mọ ohun tó ṣẹ́kù, kì í ṣe mítà fóltì.

Sólà ò lè dá gbé fíríìjì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Bátìrì ni dúrọ́ọ̀mù omi, fíríìjì ló ń bù ú mu, sólà kàn ń pọn kún un ní ọ̀sán ni. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ 100 wáàtì sí, lójú oòrùn gangan ẹ ó rí bíi 60 sí 75, tí oòrùn tó dáa bá sì tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, bíi 300 Wh lẹ máa rí lóòjọ́. Ìyẹn ò tó ohun tí fíríìjì ń jẹ, àmọ́ ó sọ bátìrì ọjọ́ méjì di ti ọ̀sẹ̀. Òjìji ni ọ̀tá ẹ̀, ẹ̀ka igi kan péré tó bá ju òjìji sí igun ẹ̀, ó lè gé iná ẹ̀ sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ abẹ́ igi lèèyàn máa ń fẹ́ pàgọ́ sí. Ẹ gbé pánẹ́ẹ̀lì síta gbangba, ẹ gbé fíríìjì sábẹ́ ibòòji, kí wáyà tó gùn jẹ́ èyí tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti kọ̀ǹtúrólà (ohun tó ń darí iná sólà wọ bátìrì), torí fóltì ti pánẹ́ẹ̀lì ga ju ti bátìrì lọ, áḿpù ẹ̀ kéré, ohun tó ń sọnù níbẹ̀ kéré. Kọ̀ǹtúrólà fúnra ẹ̀ kó wà nítòsí bátìrì. Oríṣi kọ̀ǹtúrólà méjì ló wà: tówó bá wà, MPPT, tó ń rí iná tó pọ̀ fà jáde lára pánẹ́ẹ̀lì, ni kẹ́ ẹ rà dípò PWM. Kẹ́ ẹ sì máa yí pánẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé oòrùn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, èèyàn tó bá wà ní kámpù níṣẹ́ wo ló tún ń ṣe.

Jẹnẹrétọ̀: 1000 wáàtì láti gbé 50, ariwo, epo, èéfín, àwọn tó pàgọ́ sítòsí yín á máa wò yín. Àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wákàtí kan tàbí méjì ṣáájì bátìrì ńlá kẹ́ ẹ sì pa á, kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Èyí tó dín owó kù jù lọ ò tiẹ̀ sí nínú bátìrì. Ẹ so fíríìjì mọ́ iná ilé láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò, kẹ́ ẹ kó nǹkan tó ti tutù tẹ́lẹ̀ sínú ẹ̀, ohun mímu tó gbóná tẹ́ ẹ kó sí i lórí bátìrì ló ń jẹ iná jù. Ẹ fi ike omi tó ti di yìnyín méjì tàbí mẹ́ta dí àwọn àyè tó ṣófo. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tẹ́ ẹ ti gíláàsì ẹ̀ pa sínú oòrùn, inú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè kọjá dígírì 50, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ò sì ní jókòó. Ẹ má kó aṣọ bo ibi tó ti ń mí. Tẹ́ ẹ bá ní sólà, ẹ yí i sí dígírì 1 tàbí 2 lọ́sàn-án nígbà tí bátìrì ti kún tí oòrùn ṣì ń ràn, kẹ́ ẹ dá a padà sí 5 tílẹ̀ bá ń ṣú, òtútù tó ti kó jọ yẹn á jẹ́ kó sinmi pẹ́ lóru.

Ní tiyín, ọjọ́ mẹ́ta ní 400 jẹ́ 1200 Wh. Bátìrì 1280 Wh lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ẹ̀ tán fúnra ẹ̀, tí fíríìjì bá ti tutù láti ilé tó sì mu ti mọ́tò lọ́nà, kò ní sí wàhálà. Tó bá jẹ́ power station 1000 Wh lẹ rà, 850 tó ń jáde nínú ẹ̀ á gbé yín bí ọjọ́ méjì, pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì á ṣe ìyókù, bí kùrukùrù bá tiẹ̀ bo ọjọ́ kan nínú ẹ̀. Tí ibẹ̀ bá gbóná bíi 35 ńkọ́, 600 lójúmọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, pánẹ́ẹ̀lì di dandan pẹ̀lú èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà nínú méjèèjì, kó sì jẹ́ 200 wáàtì.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ to gbogbo ẹ̀ pọ̀ nílé pẹ̀lú wáyà tẹ́ ẹ máa lò gan-an, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ wákàtí 24 láìfi iná ilé kún un. Pẹ̀lú 1000 Wh, tó bá ṣẹ́ ku bíi 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣirò wa bára mu. Tó bá ti wà lábẹ́ 40, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tẹ́ ẹ yí òtútù sí, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ojú iná ilé lẹ ṣì so ó mọ́.